Pátákó Attie Gilhooly àti Àmì Tí Kò Wọlé

Ní Cloonarrow, bí àlejò bá dé pápá nígbà tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ lọ́wọ́, tó sì béèrè pé mélòó sí mélòó ni, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu dá a lóhùn. Wọn yóò kàn na ìka sí òdìkejì, níbi tí pátákó Attie Gilhooly wà, wọn yóò sì máa wo bọ́ọ̀lù wọn lọ. Ohun tí Attie bá fi kọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Àwọn ènìyàn tó ń bá Fada jiyàn lórí ìwàásù, tí wọ́n ń bá dókítà jiyàn lórí oògùn, kò sí èyí tó bá pátákó yẹn jiyàn rí nínú wọn.

Attracta ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, orúkọ obìnrin mímọ́ kan tó sin Ọlọ́run ní agbègbè náà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n Attie ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Opó ni. Malachy, ọkọ rẹ̀, ti sùn nínú Olúwa. Aṣọ ilé ìwé ni Attie fi ọwọ́ rẹ̀ rán fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé kò sí ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Cloonarrow tí Attie kò tíì fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀ rí nígbà tó wà ní kékeré. Nísinsìnyí ó ń sin adìyẹ, ó ń to òdòdó sórí pẹpẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó sì ń ṣọ́ pátákó.

Ọ̀nà tó gbà dé ìdí pátákó náà kì í ṣe ọ̀nà ògo. Nígbà kan rí, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni ó máa ń dúró sí, ohùn rẹ̀ sì máa ń jáde bí ìpè tó wó odi Jẹ́ríkò. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún rẹfirí pé kí ó gbé fèrè rẹ̀ fún kẹ́tùlù, pé kẹ́tùlù ní tirẹ̀ mọ̀ pé ìgbà tí omi bá hó ló yẹ kí òun fọn ún. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àlùfáà àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà náà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Attie ọmọ mi," ni ó wí, "Olúwa ti fi iṣẹ́ kan hàn mí fún ọ. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni, ó sì jìnnà sí etí gbogbo ènìyàn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa pátákó lé e lọ́wọ́. Ó fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára àwọn páànù dúdú kéékèèké, ó kan ìkọ́ mọ́ pátákó, ó sì rí i, sí ìyàlẹ́nu ara rẹ̀, pé nígbà tí ọwọ́ òun bá níṣẹ́, ahọ́n òun a máa sinmi.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ẹ́príìlì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí líìgì ń parí. Rathmeelan, páríṣì tó wà ní òdìkejì odò, ló wá. Bí Cloonarrow bá borí, wọn yóò gòkè lọ sí ìpele kejì. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọn yóò gòkè náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdánù, Rathmeelan ni yóò gòkè, Cloonarrow yóò sì máa gbọ́ ọ títí Olúwa yóò fi padà dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín líìgì sí ìpele ìpele, ìpele kẹta ni Cloonarrow wà.

Fintan Cassells ni rẹfirí ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin onítìjú kan láti páríṣì mìíràn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọn tí yóò dúró níbi òpó gólì wá, ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ gígùn funfun bí ti àwọn alápatà. Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè igi ìdábùú kọjá láàrin òpó méjèèjì, àmì kan ni, ẹni tó wà níbẹ̀ a sì gbé àsíá funfun sókè. Bí ó bá wọ inú àwọ̀n, gólì ni, tó tó àmì mẹ́ta, àsíá aláwọ̀ ewé ni a sì ń gbé fún un. Bí ó bá gba ìta lọ, a fi ọwọ́ méjèèjì dábùú ara wọn, ọ̀rọ̀ tán. Eugene Bohan, arákùnrin ìyá Fintan, ló dúró síbi òpó tó jìnnà jù sí pátákó Attie.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Rathmeelan ní gólì kan àti àmì mẹ́wàá. Cloonarrow ní gólì méjì àti àmì mẹ́fà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé àmì kan péré ni Rathmeelan fi ṣíwájú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn sì yọ lójijì sójú Attie. Declan Mulvey, balógun ẹgbẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Attie, gba bọ́ọ̀lù ní apá òsì, ó sì gbá a. Bọ́ọ̀lù gòkè, afẹ́fẹ́ gbé e. Attie fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó sì rí ohun funfun kan tó fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lẹ́ẹ̀mejì. Kò dúró rò ó. Ó já mẹ́fà kalẹ̀, ó fi méje kọ́.

Ariwo Cloonarrow gba ojú ọ̀run. Olùṣọ́ gólì Rathmeelan gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì gbá a jáde, bí wọ́n ti máa ń ṣe yálà àmì wọlé tàbí bọ́ọ̀lù gba ìta lọ, kò sì sí ohunkóhun nínú ìyẹn tó lè ta ẹnikẹ́ni lólobó. Àwọn ará Rathmeelan pariwo sí pátákó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pariwo sí ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ajá kan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Declan gbójú wo pátákó, ó rí i pé wọ́n ti bára dọ́gba, ó sì na ọwọ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń gbé ọmọ tuntun fúnra wọn lọ́jọ́ ìrìbọmi, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ òun. Fintan wo aago rẹ̀, ó fọn fèrè.

Lórí pápá kan náà, ẹgbẹ́ méjèèjì fò sókè. Packie Tansey, alága ẹgbẹ́ Cloonarrow, ọkùnrin gàgàrà tó ń ṣòwò màlúù, gbé Fada kúrò nílẹ̀ tòun ti agboòrùn rẹ̀. Ní ìhà kejì, àwọn ará Rathmeelan ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Fún ìgbà díẹ̀, tọ̀tún tòsì ń wo ara wọn tàánú tàánú, bí ẹni tó ń wo àwọn tí orí wọn kò pé mọ́. Lẹ́yìn náà ni Fintan wá kéde rẹ̀: Rathmeelan ló fi àmì kan borí.

Àṣà Cloonarrow ni láti fún àlejò ní tíì nínú gbọ̀ngàn páríṣì, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ọ̀tá, títí kan rẹfirí, tí kò sí nínú méjèèjì. Rathmeelan gba búrẹ́dì tiwọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ayọ̀ wọn lọ sílé. Fintan àti Eugene dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nítorí a ti kọ́ Fintan nílé pé kò dára kí ó lọ láìmu nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bù fún wọn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n má bù fún wọn. Ó kàn jẹ́ pé kẹ́tùlù kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ni.

Packie dúró sí àárín gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ sì dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Mo ní màlúù kan nílé," ni ó wí, "bí mo bá fò ó lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí mo bá ń pín koríko, á mọ̀. Ẹ wá wo ẹni tó wọ ṣòkòtò, tó so fèrè mọ́rùn, kò mọ̀ pé òun fo odidi àmì kan."

"Packie, ó ń gbọ́ ọ," ni Concepta Flynn wí, obìnrin tó ń gé búrẹ́dì.

"Kó máa gbọ́. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá, ìṣirò ló kù."

"Fèrè yẹn gan-an," ni Concepta wí, "ó ń dún bí ẹyẹ tí òtútù mú."

"Ìwọ náà, Concepta. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó ń gbọ́ ni."

"Tìẹ ló ń gbọ́. Mo rọra sọ tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò díẹ̀ nísàlẹ̀. Attie, tó ń gbé kẹ́tùlù ńlá kiri láti tábìlì dé tábìlì, bá wọn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Inú ń bí òun náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, kò lè jẹun, ó sì dùn ún.

"Lọ́la ni mo ń lọ bá ìgbìmọ̀ líìgì," ni Packie ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Mi ò tiẹ̀ ní jókòó. Attie ni mo máa mú dání. Attie, wàá sọ fún wọn pé o rí i, àbí?"

"Màá sọ ohun tí mo bá rí," ni Attie dáhùn.

"Ó parí. Ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu Attie, tó máa ní irọ́ ni?"

Ní ìgbà náà ni Eugene Bohan sín lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọ̀fìnkìn ti ń bá a jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa aṣọ ìnujú funfun kan yọ tó fẹ̀ tó aṣọ ìrọ̀rí, ó gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè ṣí dáadáa, ó sì fun imú rẹ̀ bíi kàkàkí ọjọ́ ìdájọ́.

Attie dúró gbagidi pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ó rí i bí ẹni pé oòrùn tún ràn sí òun lójú: ẹ̀gbẹ́ òpó, ohun funfun, lẹ́ẹ̀mejì. Àsíá kì í fẹ́ báyẹn. Ẹni tó bá ń gbé àsíá a gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, a sì mú un dúró ṣinṣin. Òun ti wo àsíá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí bí òun kò ṣe ní mọ̀ ọ́n.

Ooru kẹ́tùlù ń ta sí i lọ́wọ́. Ó rántí Peteru, bí ó ṣe ń yáná nínú àgbàlá, tí gbólóhùn kúkúrú kan sì tó láti fi bọ́ nínú wàhálà. Òun ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ nílò gbólóhùn kankan. Kí òun ṣáà máa bu tíì lọ ni. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bóyá ìgbìmọ̀ á tilẹ̀ gbọ́ ti Packie, kí Cloonarrow sì gòkè. Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ ọ́, ó mọ ohun tí òun lè pàdánù. Cloonarrow kì í lé ènìyàn jáde; wọn a kàn máa bá a sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà odò tó mú ọmọ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Rathmeelan. Títí di òní, bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, òjò nìkan ni wọ́n ń bá a sọ. Ọkùnrin náà mọ gbogbo òjò tó ti rọ̀, kò sì mọ ohun mìíràn tó ń lọ nínú páríṣì. Láti ìgbà tí Malachy ti lọ, ariwo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọjọ́ Àìkú ni ó sọ ọ̀sẹ̀ Attie di ọ̀sẹ̀. Pátákó yẹn ni ìjókòó rẹ̀ láàrin wọn.

Ó wo Fintan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń tún nǹkan kà lọ́kàn. Òfin tí ìka Ọlọ́run kọ sára wàláà òkúta nípa ẹ̀rí èké kò sọ pé àyàfi rẹfirí. Ọ̀rọ̀ náà dà bí iná tí a sé mọ́ inú egungun rẹ̀, kò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

Ó mú ife mímọ́ kan, ó bu tíì kún un, ó fi mílíìkì sí i, ó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lójú gbogbo wọn, ó sì gbé e lé Fintan lọ́wọ́. Nígbà náà ni ó yíjú padà.

"Packie, má lọ síbi kankan lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Àmì keje yẹn, kò sí. Declan gbá a síta. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ohun funfun tí mo rí, àsíá kọ́. Imú Eugene ni."

Eugene wo aṣọ ìnujú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í hàn án.

"Ṣé èmi ni mo fún yín ní àmì yẹn?" ni ó béèrè.

"Ìwọ ni."

"Nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù, n kò gbá àmì kankan wọlé rí," ni Eugene wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyàwó mi á fẹ́ gbọ́ èyí."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Attie kò tíì parí. "Nítorí ohun tí mo kọ́ síbẹ̀ ni ẹ kò ṣe gbá a mọ́, Declan. Bí mo bá fi mẹ́fà sílẹ̀, ẹ̀ bá wá àmì kan kún un. Ẹ̀bi mi ni, mo sì bẹ gbogbo yín. Kí ẹ wá ẹlòmíràn fún pátákó."

Declan fi ọwọ́ ra orí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí Attie," ni ó wí, "mo mọ̀ pé ó jáde."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Èmi ni mo ṣáà gbá a. Mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó lọ, mo ti ń bú ara mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ẹ ti kọ́ eéje. Mo ní, bí Àǹtí Attie bá ní ó wọlé, ta ni èmi?"

"O mọ̀, o sì pa ẹnu mọ́?" ni Packie wí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Packie? Ẹ̀yìn gólì yẹn gan-an lẹ dúró sí."

Ọrùn Packie bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Mo rí i pé ó sún mọ́ òpó."

"Lápá ibo?"

"Lápá ìta." Ó yọ́ ọ sọ. "Ṣùgbọ́n mo wo pátákó."

"Èmi gan-an," ni Concepta wí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, "mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bọ́ọ̀lù yẹn kó má bàa gbá mi lórí. Èmi sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta ni mo wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo wo pátákó, mo sì pàtẹ́wọ́."

Ní ìgbà náà ni ẹ̀rín bú. Kì í ṣe èyí tó korò ti àkọ́kọ́. Láti ikùn ni èyí ti wá, ó sì gba gbogbo ilé, débi pé Fada ní láti gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni a fún ọmọ ènìyàn fún ohun tí kò lè fojú rí. Cloonarrow ti lo tiwọn lórí ohun tó gba orí wọn kọjá.

"Ìyáàfin," ni Fintan wí nígbà tí ilé rọlẹ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le, "ẹ ṣeun. Ìgbà tí mo fọn fèrè tán ni mo tó rí pátákó yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún un kà lọ́kàn, àmì kan lẹ́yìn òmíràn. Mo rò pé èmi ni mo jalè láìmọ̀. Ǹ bá máa gbé e kiri títí."

Attie fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó ti rò pé orúkọ òun nìkan ni òun ń fi sínú ewu. Kò mọ̀ pé ọkàn ẹlòmíràn wà nínú ìdè tí ẹnu òun lè tú.

Packie dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ọ̀nà tí a ń gbà tọrọ àforíjì. Iye màlúù ni ó mọ̀. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Concepta, ó gé kéèkì kan tó nípọn bíi bíríkì, ó sì gbé e fún rẹfirí.

"Màlúù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí, "kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n."

"Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà," ni Fintan dáhùn. "Ní páríṣì tiwa, ajá ni wọ́n ń fi mí wé."

"Ajá? Ìwà wo nìyẹn?" Packie fa àga fún un. "Jókòó. Jẹ ẹ́ tán. Eugene, ìwọ náà, jọ̀ọ́, ra aṣọ ìnujú pupa."

"Tí mo bá ra pupa, wọ́n á ní mo ń lé ènìyàn kúrò lórí pápá."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Declan ti mú búrẹ́dì kan, ó ti ń jẹun. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín, Àǹtí," ni ó wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí, bí mo bá tún gbá òmíràn, inú odò la ó ti lọ yọ ọ́. Ó kéré tán, ẹ gbé wa dé ìpele kejì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá mi kò débẹ̀ rí."

"Pátákó ńkọ́?" ni Attie béèrè, ó wo Packie. Ohun tó ti ń já láyà rẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn.

"Pátákó wo?"

"Ta lẹ ó fi síbẹ̀?"

"Attie, ibo ni kí n ti lọ wá ẹlòmíràn tí gbogbo wa máa gbàgbọ́ ju ojú ara wa lọ? Jókòó o jàre."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí bá afẹ́fẹ́ wí. Láti orí afẹ́fẹ́ wọ́n dé orí koríko tó ga jù, láti orí koríko wọ́n dé orí ẹni tó yẹ kó gé e. Fintan náà dá sí i. Ó ní bọ́ọ̀lù tí Declan gbá ṣáájú èyí gan-an ni òun kò lóye, Declan sì ní kó fi fèrè rẹ̀ ṣàlàyé. Ojú wọn ti mọ́lẹ̀. Wọ́n pàdánù, ó ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jí tiwọn, ìrora irú èyí sì rọrùn láti gbé lọ sílé.

Packie gbé àwo kan síwájú Attie. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Packie wú.

"Búrẹ́dì ẹlẹ́ran méjì ló wà níbẹ̀ o, Attie. Bí o bá rí mẹ́ta, Eugene ló ń fun imú."

Attie tẹjú mọ́ àwo náà.

"Ẹyọ kan ni mo rí, Packie. Èkejì wà lẹ́nu rẹ."

Wọ́n sún fún un lórí àga gígùn, ó jókòó sáàrin wọn, ó sì jẹun.